ÀRÙN TÓ Ń FARA JỌ IKỌ́ IFE: Ẹ̀JẸ̀ LÈ JẸ́RÌÍ SÍ I, ṢÙGBỌ́N ẸLẸ́RÌÍ KÌ Í ṢE ADÁJỌ́

Àìsàn kan wà láyé tí kì í ṣe ikọ́ ife, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí kì í sì í ṣe ẹ̀tẹ̀, síbẹ̀ tó máa ń fara jọ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń ṣe lè máa wúkọ́ gbígbẹ fún oṣù mẹ́ta gbáko, kó máa rù, kó máa làágùn lóru, kó sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀. Àwọn ará ilé á ní ikọ́ ife ni. Aládùúgbò á ní wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ ni. Ti ẹlòmíràn, ojú ló máa ń mú, ojú á máa pọ́n, kò ní lè wo iná. Ti ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, awọ ara ni, kókó kéékèèké á yọ sí imú, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tàbí sí ojú àpá tó ti jinná láti ọjọ́ pípẹ́.

Sarcoidosis ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹni tó bá pè é ní sakọidósìsì náà kò jẹ̀bi.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ni pé títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ pàtó ohun tó ń fà á. Kì í ràn bí ikọ́ ife ṣe ń ràn. Bó ṣe ń ṣe nínú ara ni àwọn dókítà mọ̀. Àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbèjà ara, á kàn ṣàdédé kóra jọ sójú kan bí ẹni pé ọ̀tá ti wọ̀lú. Wọ́n á dìpọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á di kókó wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ò lè rí. Inú ẹ̀dọ̀fóró àti àárín àyà ni wọ́n sábà máa ń wà. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá ní àrùn yìí, bíi mẹ́sàn-án ni yóò kàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè dé ojú, ó lè dé awọ ara, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ọpọlọ, kódà ó lè dé ọkàn.

Ju ìdajì àwọn tó ń ṣe lọ ni ara wọn máa ń yá fúnra rẹ̀ láàrin ọdún díẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì lo òògùn kankan. Ṣùgbọ́n ti àwọn mìíràn ò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn náà á jókòó sí wọn lára, á sì máa jẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi le bí awọ gbígbẹ. Òògùn tí wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń lò fún un, prednisolone, òògùn líle ni. Bí ènìyàn bá lò ó pẹ́, ó lè fa àtọ̀gbẹ, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru dìde, ó lè mú kí egungun rọ, kí ojú ṣú, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì wú bọ̀ọ̀.

Ìbéèrè tó wá wà nílẹ̀ ni pé: ṣé iná ṣì ń jó lábẹ́ eérú ni, àbí eérú lásán ló kù? Bí iná bá ń jó tí wọn ò fún aláìsàn lóògùn, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè bàjẹ́. Bí iná bá sì ti kú tí wọ́n ṣì ń rọ́ òògùn fún un, òògùn náà á wá di àìsàn mìíràn sí i lára. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń wá ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa sọ fún wọn bí iná náà ṣe tó. Wọ́n rí díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí ènìyàn lè dá gbára lé. Èyí ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ò mọ̀, ohun tí wọn ò sì mọ̀ yìí lè pa wọ́n lára.

TA NI ÀRÙN NÁÀ MÁA Ń BÁ JÀ?

Àrùn náà kì í ṣe tuntun. Ní 1869, ní London, dókítà kan tó ń jẹ́ Jonathan Hutchinson rí ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté èédú, tí awọ ara rẹ̀ ní àwọn ojú ibi tó wú, tó sì pọ́n dúdú, ṣùgbọ́n tí kò dùn ún. Ní 1899, Caesar Boeck, dókítà ará Norway, tún kọ nípa irú kókó bẹ́ẹ̀. Láti ara ohun tó kọ ni orúkọ sarcoidosis ti wá.

Kò sí ẹ̀yà tí kò lè mú. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ó máa ń mú àwọn ènìyàn dúdú ju àwọn funfun lọ, ó sì máa ń le sí wọn lára jù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Detroit, tó jáde ní 1997, fi hàn pé nínú 100,000 ènìyàn dúdú, bíi 36 ni àrùn yìí ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dọọdún. Nínú iye àwọn funfun kan náà, bíi 11 péré ni. Àwọn dókítà ní London náà ti kíyè sí i pé ó máa ń wọ́pọ̀ láàrin àwọn ènìyàn dúdú tó ń gbé níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Bernie Mac, aláwàdà tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, sọ fáyé ní 2005 pé sarcoidosis wà lára òun. Nígbà tó kú ní Chicago ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, 2008, ẹni 50 ọdún ni. Òtútù àyà ni wọ́n sọ pé ó pa á. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ní sarcoidosis tirẹ̀ ti rọlẹ̀ kí ó tó di ìgbà náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ tí kò gbọ́ orúkọ àrùn yìí rí ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni.

Lẹ́yìn tí ilé gogoro méjì wó ní New York ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 2001, àwọn panápaná tó ń yọ ènìyàn jáde mí eruku ibẹ̀ sínú. Láàrin ọdún márùn-ún, wọ́n rí 26 nínú wọn tí àrùn tó jọ sarcoidosis mú, 13 nínú wọn ní ọdún kìn-ín-ní nìkan. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti túbọ̀ ń fura sí eruku, pé ó lè wà lára ohun tó ń jí àrùn náà dìde lára ẹni tí ara rẹ̀ bá fẹ́ gbà á.

1975: WỌ́N RÒ PÉ WỌ́N TI RÍ I

Nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn ni nǹkan kan wà tí wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí ACE. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún mọ́ra, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí agbára fi ṣàn. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ní 1975, dókítà kan ní California, Jack Lieberman, kọ ọ́ jáde pé òun rí i pé ACE pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ní sarcoidosis, àti pé ti àwọn tó ń lo òògùn kò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣé àwọn kókó wẹ́wẹ́ yẹn fúnra wọn ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Bí kókó bá pọ̀, ACE á pọ̀. Bí kókó bá dín, ACE á dín.

Inú àwọn dókítà dùn. Wọ́n ní ó ti tán, ẹ̀jẹ̀ kékeré ni wọ́n á kàn máa fà, wọ́n á sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àyẹ̀wò náà dé gbogbo ayé, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Àkọ́kọ́, nínú ẹni mẹ́wàá tó ní àrùn yìí tí kò tíì lo òògùn, bíi mẹ́fà ni ACE rẹ̀ máa ń ga. Mẹ́rin tó kù ńkọ́? Àrùn wà lára wọn, àmọ́ ìwé àyẹ̀wò ń sọ pé kò sí nǹkan. Èkejì, àwọn àìsàn mìíràn lè gbé ACE sókè: àtọ̀gbẹ lè gbé e, ẹ̀tẹ̀ lè gbé e, gègè tó ń mú kí àyà máa já kì-kì-kì náà lè gbé e. Ti ọmọdé pàápàá ga ju ti àgbàlagbà lọ láìsí àìsàn kankan. Ẹ̀kẹta, prednisolone máa ń fa ACE wálẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ACE ti balẹ̀ lórí ìwé nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró ò tíì gbádùn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Dókítà tó bá fi ACE nìkan dájọ́, ẹjọ́ ẹnìkan ló gbọ́.

KÓŃGÒ KAN Ò DỌ́GBA PẸ̀LÚ ÈKEJÌ

Gbogbo ìyá tó bá ti ra gàárì lọ́jà méjì mọ̀ pé kóńgò ibì kan lè jìn ju ti ibòmíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ACE rí. Ní 1990, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé rí i pé ohun tí ènìyàn bá jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ ló ń sọ bí ACE rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó láti ilẹ̀. Ènìyàn méjì lè wà, kí ara àwọn méjèèjì le koko, síbẹ̀ kí ACE ti ọ̀kan pọ̀ ju ti èkejì lọ dáadáa.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé iye tó jẹ́ ìlera fún Ìyá Bísí lè jẹ́ àìsàn fún Ìyá Kúnlé. Kò sí èrè nínú kí aláìsàn méjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa fi ìwé wọn wéra. Ti ènìyàn ni kó fi wé tirẹ̀: ti oṣù yìí pẹ̀lú ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Láàbù kan náà ló sì yẹ kó ti ṣe méjèèjì, nítorí bí láàbù kan ṣe ń wọn tirẹ̀ lè má jọ ti èkejì. Ẹni tó wọn tẹ̀ẹ́kọ́ níhìn-ín tó wọn tẹ̀yìn lọ́hùn-ún, kóńgò méjì ló lò.

ÒÒGÙN Ẹ̀JẸ̀ RÍRU LÈ DA ÀYẸ̀WÒ RÚ

Níbi tí ọ̀rọ̀ kan ọ̀pọ̀ ìyá ọjà nìyí. Ejò kan wà ní ilẹ̀ Brazil tí wọ́n ń pè ní jararaca. Bó bá bu ènìyàn ṣán, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún á já wálẹ̀. Ní 1965, onímọ̀ ará Brazil kan, Sérgio Ferreira, fi hàn pé ohun kan wà nínú oró ejò náà tó ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn apòògùn ti kẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe lè di ACE lọ́wọ́ mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ má baà fún jù. Captopril ni àkọ́kọ́ irú òògùn bẹ́ẹ̀ tó di mímu. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1981. Lẹ́yìn rẹ̀ ni enalapril, lisinopril àti ramipril dé. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí orúkọ rẹ̀ bá parí sí "pril", ara ẹbí yìí ni.

Ẹni tó bá ń lo irú òògùn bẹ́ẹ̀ tó wá lọ ṣe àyẹ̀wò ACE, iye tí yóò jáde lè lọ sílẹ̀ gan-an. Kì í ṣe pé àrùn ò sí, òògùn ló di ACE lọ́wọ́ mú. Bí kò bá sọ fún dókítà pé òun ń lo lisinopril, dókítà lè ní ara rẹ̀ ti yá.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn òògùn "pril" yìí fúnra wọn lè fa ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn lè ti lo òògùn ikọ́ títí, kó lọ ya fọ́tò àyà, kó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tó sì jẹ́ pé òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ta á lọ́fun. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí dá òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ dúró o. Kó mú páálí rẹ̀ tọ dókítà lọ. Dókítà mọ irú mìíràn tó lè fi rọ́pò rẹ̀.

ÀWỌN ẸLẸ́RÌÍ YÒÓKÙ

ESR ni èyí tó pẹ́ jù nínú wọn, kò sì ní ẹ̀rọ ńlá nínú. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ ọ́n láìmọ̀. Bí wọ́n bá sẹ́ ògì tán, wọ́n á fi í sílẹ̀, ògì á silẹ̀, omidùn á dúró lókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á fà á sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á gbé e nàró fún wákàtí kan, wọ́n á wá wo bí pupa ṣe lọ sílẹ̀ tó. Westergren, ará Sweden, ló kọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é jáde ní 1921. Bí ara bá ń gbóná nínú, ẹ̀jẹ̀ máa ń yára silẹ̀. Àmọ́ oyún náà máa ń mú un yára, àìtó ẹ̀jẹ̀ lára máa ń mú un yára, ọjọ́ orí náà máa ń mú un yára. ESR á sọ pé nǹkan ń ṣe ara. Kò ní sọ nǹkan tí ó jẹ́.

CRP ni ìkejì. Ní New York ni wọ́n ti rí i ní 1930. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ó sì máa ń sáré gòkè láàrin wákàtí díẹ̀ bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀ nínú ara. Àmọ́ eéwo lásán lè gbé e, ibà lè gbé e, òtútù àyà a sì máa gbé e lọ sókè réré. Lára ọ̀pọ̀ tí sarcoidosis ń ṣe, CRP lè wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Irú sarcoidosis kan wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí ibà á mú ènìyàn, tí ọrùn ẹsẹ̀ á wú, tí kókó pupa tó ń dunni á sì yọ sí ojúgun. Ti irú èyí ni CRP máa ń ga fún dáadáa. Àwọn ará Sweden àti Norway ló sì wọ́pọ̀ lára wọn. Kò wọ́pọ̀ lára ènìyàn dúdú.

Ìkẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní sIL-2R. Àwọn ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń kóra jọ yẹn ní ohun tó dà bí etí tí wọ́n fi ń gbọ́ àṣẹ. Bí wọ́n bá ń jà, wọ́n máa ń já etí wọn sínú ẹ̀jẹ̀. Iye etí tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ bí ogun ṣe le tó. Ní Jámánì, Netherlands àti Japan, àwọn dókítà kan fẹ́ràn rẹ̀ ju ACE lọ. Ṣùgbọ́n irú jẹjẹrẹ kan tó máa ń mú kókó ara lè gbé òun náà sókè, ikọ́ ife náà lè gbé e, ó sì máa ń ga bí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Kì í sì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é.

ÈYÍ TÍ ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ FOJÚ FÒ

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àyà ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde ní 2020 lórí bí wọ́n ṣe ń mọ àrùn yìí àti ibi tó bá dé lára, ọ̀pọ̀ àmọ̀ràn ni wọ́n gbà wọ́n. Àmọ̀ràn kan ṣoṣo ni wọ́n tẹnu mọ́ gidigidi. Kì í ṣe ACE. Kálísíọ́mù ni.

Kálísíọ́mù ni ohun tó ń mú egungun le. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ sarcoidosis mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fítámínì D di alágbára láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ara. Fítámínì D alágbára yìí á wá máa fa kálísíọ́mù láti inú oúnjẹ àti láti inú egungun sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló ń ṣẹlẹ̀ sí, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, òǹgbẹ á máa gbẹ ẹ́, á máa tọ̀ lemọ́lemọ́, inú rẹ̀ á há, ara rẹ̀ á rọ, ọpọlọ rẹ̀ lè máa lọ kó máa bọ̀. Àwọn ènìyàn á ní àtọ̀gbẹ ni. Bí wọn ò bá tètè mọ̀, òkúta lè hù sínú kíndìnrín, kíndìnrín sì lè daṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀tàn ńlá kan tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ fítámínì D onítọ̀hún wò lọ́nà tí wọ́n ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, ó lè jáde pé ó kéré, nítorí àwọn kókó yẹn ti sọ ọ́ di irú kejì. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kó lọ ra fítámínì D àti kálísíọ́mù oníhóró. Epo ni wọ́n ń dà síná yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé sarcoidosis wà lára òun kò gbọdọ̀ ra irú òògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri nínú mọ́tò, àfi bí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ bá fọwọ́ sí i.

Pẹ̀lú kálísíọ́mù, ó yẹ kí wọ́n yẹ iṣẹ́ kíndìnrín àti ti ẹ̀dọ̀ wò láti inú ẹ̀jẹ̀ kan náà. Àyẹ̀wò wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí àwọn láàbù. Wọn ò ní sọ bí iná ṣe tó, àmọ́ wọ́n á sọ ilé tí iná ti ń ràn mọ́.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÀWỌN DÓKÍTÀ MÁA Ń GBỌ́

Ìyá oníṣòwò kan lè béèrè pé: "Dókítà, ẹ ẹ̀ rí i pé ACE mi ti wálẹ̀? Ṣé kí n wá dá òògùn dúró?"

Èsì tó yẹ kó gbọ́ ni: "Rárá o, Màmá. Òògùn yẹn gan-an máa ń fa ACE wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí èémí yín ṣe tó, ká wo fọ́tò àyà yín, ká sì bi ara yín léèrè. Bí gbogbo wọn bá fẹnu kò, díẹ̀díẹ̀ la ó máa dín in kù. Ẹ má ṣe já a lójijì. Ara yín ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá já a lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lè dákú."

Mẹkáníìkì kan lè béèrè pé: "Dókítà, ara mi le koko, mo ń gbé ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ACE mi ga. Ṣé kò yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ òògùn?"

Èsì tirẹ̀ ni: "Ọ̀gá, ìwé kọ́ là ń tọ́jú, ènìyàn ni. Bí èémí yín bá dáa, tí ojú dáa, tí ọkàn dáa, tí kálísíọ́mù ò ga, a lè máa ṣọ́ ọ ná. Ẹ padà wá ní oṣù mẹ́ta."

Ọkàn tí dókítà dárúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àrùn yìí lè wọ inú ọkàn kí ACE má sọ nǹkan kan. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já lódìlódì, tó bá ń dákú, tàbí tí òòyì ń kọ́, kó tètè lọ fún àyẹ̀wò ọkàn tí wọ́n máa ń so wáyà mọ́ àyà ṣe. Kó má dúró de ìwé ẹ̀jẹ̀.

IKỌ́ IFE ŃKỌ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ka ọ̀rọ̀ yìí tán kó wá ju òògùn ikọ́ ife rẹ̀ nù. Ní Nàìjíríà, ikọ́ ife wọ́pọ̀ ju sarcoidosis lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ti wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ikọ́ ife ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá lára rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti òògùn rẹ̀ láwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi lo òògùn náà.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di méjì ni ìgbà tí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò tí wọn ò rí kòkòrò, tí aláìsàn sì lo òògùn ikọ́ ife pé pérépéré tí kò sí ìyàtọ̀. Nígbà náà, ó tọ́ kó béèrè pé, "Dókítà, ṣé kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn?" Kì í ṣe ACE ni yóò yanjú ìyẹn. Wọ́n ní láti gé ẹran ara kékeré láti inú kókó náà, kí wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ awò, kí wọ́n sì rí i dájú pé kòkòrò ikọ́ ife ò sí níbẹ̀. Ìdí tó fi gbọdọ̀ dájú ni pé prednisolone tó ń wo sarcoidosis lè mú kí ikọ́ ife ràn ká gbogbo ara bí iná ọyẹ́. Àwọn obìnrin tó ń ra prednisolone lábẹ́ igi nítorí kí wọ́n lè sanra, ewu yẹn náà ni wọ́n ń gbé mì.

OHUN TÓ YẸ KÍ ALÁÌSÀN ṢE

Kó ra ìwé kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ gbèsè oníbàárà. Gbogbo àyẹ̀wò tó bá ṣe, kó kọ ọjọ́ rẹ̀, iye rẹ̀ àti orúkọ láàbù síbẹ̀. Ẹyọ kan ò sọ púpọ̀. Bí mẹ́rin, márùn-ún bá tò tẹ̀ léra, dókítà á rí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà lọ.

Láàbù kan náà ni kó máa lò bó bá lè ṣeé ṣe.

Kó kó gbogbo òògùn tó ń lò sínú ọ̀rá, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, fítámínì, àgbo pàápàá, kó gbé e síwájú dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀.

Kó sọ bí ibà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un, bí eéwo bá wà lára rẹ̀, tàbí bí oyún bá wà nínú. Gbogbo wọn ló lè yí ìwé àyẹ̀wò padà.

Kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, bí kò tilẹ̀ dùn ún. Àrùn yìí lè ba ojú jẹ́ ní jẹ́ẹ́jẹ́.

Kó sì máa kọ bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe sínú ìwé kan náà: iye ilé tó lè rìn kọjá kó tó dúró mí, àti bóyá ó lè ru igbá ọjà rẹ̀ dé ìsọ̀ láìsinmi. Ìyẹn náà, ẹ̀rí ni, dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fojú di í.